Òrìṣàbìnrin Òǹrorò Nínú Àwòrán Kékeré Àwọn Híńdù

Irú àwòrán kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tí a kò yà fún ògiri. Orí tákàdá ni a ń yà á sí, kò sì tóbi ju ohun tí ènìyàn lè gbé lé itan kí ó máa wò bí ẹni ń kàwé. Inú aṣọ ni a ń dì í sí. Nígbà tí ọba tàbí ìjòyè bá sì fẹ́ wò ó, a ó tú u sílẹ̀, a ó máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, ewé kan tẹ̀lé èkejì. Ìfẹ́ Krishna àti Radha ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan náà tí ó ya àwọn olólùfẹ́ lábẹ́ igi ni ó ya obìnrin tí ó yọ ahọ́n síta, tí ó fi orí òkú ṣe ẹ̀gbà ọrùn, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú ogun. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Nínú àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa wọn, àwọn kan kórìíra wọn, àwọn mìíràn sì fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yọ eyín kúrò ní ẹnu wọn. Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì kò wo àwòrán náà tó.

Ó yẹ kí n yára mú ohun kan kúrò lọ́nà. Àwọn àwòrán òrìṣà Íńdíà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n wọ gúúsù ilẹ̀ Benin àti Togo ní ọ̀rúndún ogún, tí àwọn olùsìn Màmí Wátà sì gbé sí ojúbọ wọn, kì í ṣe àwọn ni mò ń sọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn ni ẹ̀rọ ń tẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní owó díẹ̀ lè rà á. Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí tí à ń wí yìí. A ó lẹ tákàdá mọ́ ara wọn ní ìpele-ìpele, a ó fi òkúta dídán ha á títí yóò fi máa dán. Irun ọ̀kẹ́rẹ́ ni a fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òkúta tí a lọ̀ kúnná, aró àti èédú fìtílà ni ọ̀dà rẹ̀, oje igi ni a sì fi ń pò ó.

Ìwé tí ó jẹ́ orísun fún púpọ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni Devi Mahatmya. Apá kan ni ó jẹ́ nínú ìwé tí a ń pè ní Markandeya Purana. Orí 13 ni ó ní, a sì máa ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sí 700. Èdè Sanskrit ni a fi kọ ọ́, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, a sì ń kà á sókè títí di òní nígbà ọdún Navaratri. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn inú rẹ̀ kò lè dá àwòrán náà lẹ́jọ́, nítorí náà kí ẹ gbà mí láyè kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn asura, tí í ṣe ọ̀tá àwọn òrìṣà, ní olórí kan tí ń jẹ́ Mahisha. Akọ ẹfọ̀n ni. Ó ṣẹ́gun àwọn òrìṣà, ó lé wọn kúrò ní ọ̀run, ó sì gba ipò Indra. Wọ́n sá tọ Shiva àti Vishnu lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, inú bí wọn, ìmọ́lẹ̀ bí iná sì jáde láti ojú wọn. Ti àwọn òrìṣà yòókù jáde pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ pàdé lójú kan, ó ga bí òkè tí ń jó, ó sì di obìnrin. Shiva fún un ní ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, Vishnu fún un ní irin róbótó tí etí rẹ̀ mú, Indra fún un ní ẹdùn àrá, Òkè Himalaya fún un ní kìnnìún láti gùn. Òun ni ó lọ jagun. Àwọn tí ó fún un ní ohun ìjà dúró, wọ́n ń wòran, wọ́n sì ń yìn ín. Mahisha ń pa ara dà: ó di kìnnìún, ó di ọkùnrin tí ó mú idà lọ́wọ́, ó di erin, ó tún padà di ẹfọ̀n. Òrìṣàbìnrin náà mu ọtí, ó tún mu ú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni ó fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọrùn ẹfọ̀n náà mọ́lẹ̀, ó sì gún un. Bí asura náà ti ń yọ ara rẹ̀ jáde láti ẹnu ẹfọ̀n, tí kò tíì jáde ju ìdajì lọ, ni ó bẹ́ ẹ lórí.

Nínú ogun tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí Chanda àti Munda súnmọ́ ọn, ìbínú sọ ojú rẹ̀ di dúdú bí tàdáwà, Kali sì jáde láti iwájú orí rẹ̀. Ìwé náà kò fi ẹwà bò ó. Ó rù kan egungun, awọ ẹranko ni ó ró mọ́ra, agbárí ni ó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ojú rẹ̀ jìn, ó sì pọ́n, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Ó ń ki erin bọ ẹnu pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún. Níkẹyìn ni Raktabija dé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irúgbìn. Bí ẹ̀kán kan bá kán sílẹ̀ lára rẹ̀, asura mìíràn tí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ a dìde níbẹ̀. Bí a bá ti ń gún un tó ni ogun rẹ̀ ń pọ̀ tó. Kali ya ẹnu, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ náà kí ó tó kan ilẹ̀, ó sì ń jẹ àwọn tí ó ti hù, títí ẹ̀jẹ̀ fi tán lára Raktabija tí ó sì ṣubú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé ẹgbẹ́ èdè ni wá, orúkọ tí a bá sì sọ nǹkan ni a ó fi wò ó. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹ̀mí búburú ni a ń pe àwọn asura. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ lè yára kọ èṣù síbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó kà nínú Bíbélì nìyẹn. A mọ ohun tí ìtumọ̀ Bíbélì ti ṣe sí Èṣù láàárín wa. Kò yẹ kí a tún fi àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí Íńdíà. Nínú ìwé àwọn Híńdù, ọmọ bàbá kan náà ni àwọn asura àti àwọn òrìṣà. Asura ń gbààwẹ̀, ó ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀ nínú ìsìn, ó sì ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ Brahma tàbí Shiva bí ó ti yẹ fún ẹni tí ó sìn tọkàntọkàn. Ìwọ̀n ni kò mọ̀. Nítorí èyí, asura ni mo kọ, asura ni n ó sì máa kọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àjẹ́. Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé obìnrin kan ń mu ẹ̀jẹ̀ yóò ti ní orúkọ kan lẹ́nu kí n tó parí gbólóhùn. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni Kali ti mu tirẹ̀, lójú ogun, níṣojú àwọn òrìṣà, nítorí pé bí kò bá mu ún ogun náà kò ní tán. Òrìṣàbìnrin ni mo pe Devi, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò fẹ̀ tó o. Nígbà tí Shumbha, asura ìkẹyìn, fi í ṣe ẹlẹ́yà pé agbára àwọn ẹlòmíràn ni ó fi ń jà, ó fún un lésì pé òun nìkan ni ó wà, ó sì gba gbogbo àwọn obìnrin tí ó ń bá a jà padà sínú ara rẹ̀. Kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí, kì í sì í ṣe ìránṣẹ́.

Nínú gbogbo àwọn àwòrán rẹ̀ tí mo mọ̀, èyí tí mo gbà pé ó ga jù ni ọ̀wọ́ kan tí a yà ní Basohli ní nǹkan bí ọdún 1660 sí 1670. Ìlú ọba kékeré ni Basohli ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, ní agbègbè Jammu. B. N. Goswamy àti Eberhard Fischer, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, ka ọ̀wọ́ náà sí iṣẹ́ ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Kripal láti Nurpur. Kò sọ ìtàn. Ewé kọ̀ọ̀kan fi òrìṣàbìnrin náà hàn ní ìrísí kan, ẹsẹ̀ Sanskrit tí ó ṣe àpèjúwe ìrísí náà sì wà ní ẹ̀yìn ewé. Olùsìn ni a kọ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún: yóò máa wí i, yóò sì máa to òrìṣà náà jọ nínú ọkàn rẹ̀, iye apá tí ó ní, ohun tí ó wà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ara rẹ̀, ohun tí ó dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe é. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí òkè lókèèrè, kò sí ibi tí ojú lè sá sí. Ìgbátí pupa yí gbogbo rẹ̀ ká. Ọ̀dà funfun tí ó nípọn ni a kán sí ọrùn àti ọwọ́ òrìṣàbìnrin náà fún péálì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó yọ sókè lórí tákàdá. Ní ti òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé, a gé ìyẹ́ líle kòkòrò kan sí wẹ́wẹ́, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyẹ́ yìí kò dà bí ọ̀dà: bí ènìyàn bá gbé ewé náà sọ́wọ́ tí ó sì yí i díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, a kọ mọ̀nà, a tún ṣú. Ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ń mí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dúró ṣinṣin.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tí ó bá rò pé ayàwòrán yìí ń wá ọ̀nà láti dẹ́rù bà wá yóò retí kí ìlà rẹ̀ le koko, kí àwọ̀ dà lu ara wọn, kí ọ̀rọ̀ náà pariwo. Òdìkejì ni a rí. Ìlà tí ó yí eyín rẹ̀ gígùn ká tutù gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó yí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ká. Orí tí a gé àti òdòdó tí ó fi sórí gba ìtọ́jú kan náà lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ayàwòrán náà kò fi ohun kan sílẹ̀ fún wa láti mọ̀ pé apá kan ni ó yẹ kí a fẹ́ràn, pé apá kejì ni ó yẹ kí a gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Freer ní Washington: Bhadrakali dúró nínú oòrùn tí ń yọ. Obìnrin náà ṣú dùdù, wúrà ni oòrùn. A ti mọ̀ pé òkùnkùn a máa sá bí oòrùn bá yọ; nínú àwòrán yìí, àárín gbùngbùn oòrùn ni òkùnkùn ti jáde.

Ẹ fi èyí wé àwòrán kan tí ó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 30 ọdún, tí a kà sí iṣẹ́ Payag, ayàwòrán ààfin àwọn Mughal, ní nǹkan bí 1630 sí 1635. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Ibi tí a ti ń sun òkú ni. Òrìṣàbìnrin Bhairavi, tí ara rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, jókòó lórí òkú tí kò ní orí, Shiva sì wà níwájú rẹ̀ ní ìrísí alágbàáwẹ̀ tí ó fi eérú para. Iná ń jó, èéfín ń gòkè. Àwọn Mughal, tí í ṣe Mùsùlùmí, ni ayàwòrán yìí ń ṣiṣẹ́ fún, ọ̀nà ààfin wọn ni ó sì tọ̀: ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ iná ti ń hàn lóru, ó mọ bí ara òkú ti ń rí. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní kọ̀ láti yìn ín. Síbẹ̀, ibi tí òrìṣà náà jókòó sí ni ẹ̀rù rẹ̀ ti wá. Bí a bá gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ̀rù yóò ṣẹ́kù sílẹ̀ pẹ̀lú èéfín. Ti Basohli kò nílò ibì kankan.

Nígbà tí a bá dé Guler ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nǹkan ti yí padà. Ìdílé Pandit Seu àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Manaku àti Nainsukh, ni òkìkí wọn kàn jù níbẹ̀. Goswamy kan náà ni ó tú ìran wọn jáde, nínú àròkọ tí ó kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà Marg ní 1968. Ó wá a nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn àlùfáà Haridwar ń kọ orúkọ àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn sí láti ìran dé ìran. (Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ nílẹ̀ wa kò gbọdọ̀ fo àròkọ náà, ìbáà ṣe pé kò fẹ́ràn Íńdíà rárá.) Ní nǹkan bí 1780, àwọn ayàwòrán Guler ya ìtàn Devi Mahatmya ní ewé púpọ̀. Pápá ti wà, àwọn òkè ti wà, awọ ara ti tutù, kìnnìún ti jọ ẹran tí ó ní irun lára. Òrìṣàbìnrin náà lẹ́wà bí ọmọ ọba. Ohun tí ó ń dùn mí nínú wọn nìyẹn: ó ń pa Mahisha bí ẹni ń jó, kò sì làágùn. Ìwé sọ pé ó mu ọtí, pé ojú rẹ̀ pọ́n, pé ó bú sẹ́rìn-ín. Ojú Durga ti Guler kò pọ́n rárá. Ìgbà tí Kali bá wọlé nìkan ni ọwọ́ ayàwòrán ń gbóná. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, irun rẹ̀ tú ká, ọmú rẹ̀ gbẹ. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ohun tí ayàwòrán náà yọ kúrò lára Durga ni ó kó fún Kali, ó sì pín obìnrin kan sí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ti inú iwájú orí èkejì jáde.

Àwọn aláríwísí wá ńkọ́? Àwọn tí ó kórìíra ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Partha Mitter ti kọ ìtàn wọn ní 1977, bí àwọn òyìnbó ti ń pe àwọn òrìṣà Íńdíà ní abàmì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ní àwọn ọdún 1830, William Sleeman, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, so àwọn dánàdánà mọ́ ìsìn Kali, òkìkí burúkú náà kò sì tíì kúrò lára òrìṣà náà. Ní 1927, Katherine Mayo, ará Amẹ́ríkà, fi ewúrẹ́ tí a ń pa fún Kali ní Kalighat ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kan tí ó kọ láti fi hàn pé àwọn ará Íńdíà kò tíì yẹ fún òmìnira. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ó gbà: ó fi òrìṣà hàn, ó fi ẹ̀jẹ̀ hàn, ó sì fi í gba ìjọba lọ́wọ́ ènìyàn.

Lòdì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ananda Coomaraswamy ṣe kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1916 ni ó kọ́kọ́ fi ìdí àwòrán ilẹ̀ Rajput múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ọ̀tọ̀ sí ti Mughal, a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ó fi ṣe ògo wọn, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì fi tirẹ̀ kún un, W. G. Archer kọ odidi ìwé lórí ìfẹ́ Krishna ní 1957. Báyìí ni àwọn òǹrorò ṣe di ohun tí a ń gbà kọjá ní kíákíá. Nígbà tí a sì padà wá bá wọn, a wá pẹ̀lú àlàyé: wọ́n ní orí tí a gé ni ìgbéraga, ẹ̀jẹ̀ ni ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, dúdú ara Kali ni àkókò tí ń jẹ ohun gbogbo.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé àwọn olùsìn fúnra wọn kò ń sọ bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, òtítọ́ sì ni. Orúkọ Kali gan-an so mọ́ dúdú àti àkókò. Ohun tí mo lòdì sí ni kí àlàyé dé kí ojú tó dé. Ayàwòrán kò ya ìgbéraga. Orí ni ó yà, pẹ̀lú irun, pẹ̀lú ìpéǹpéjú tí ó wálẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní ibi tí a ti gé e. Olùsìn tí ó bá sọ pé ìgbéraga òun ni orí náà ti wo orí yìí, ó ti gbà pé ọrùn òun ni. Ẹni tí ó bá ka àlàyé lórí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ti gba ìtùnú láìrí ohun tí a ń tù ú nínú sí.

Chinnamasta ni ó fi èyí hàn jù. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn òrìṣàbìnrin mẹ́wàá tí a ń pè ní Mahavidya, a sì yà á ní Kangra àti ní àwọn ìlú ọba mìíràn ní ẹsẹ̀ òkè. Ebi ń pa àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ méjì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún oúnjẹ. Ó bẹ́ orí ara rẹ̀. Ó dúró, ó mú idà ní ọwọ́ kan, ó gbé orí rẹ̀ ní ọwọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde láti ọrùn rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan sí ẹnu ìránṣẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí ti òsì, ẹ̀kẹta sí ẹnu orí rẹ̀ tí ó gbé lọ́wọ́. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Kama tí í ṣe òrìṣà ìfẹ́ àti Rati aya rẹ̀ ń bá ara wọn sùn. Kò sí asura níbẹ̀, kò sí ọ̀tá, kò sí ogun tí a lè fi ṣe àwáwí. Ìrorò rẹ̀ kò kan ẹlòmíràn. Ìyá tí ń fún ọmọ ní oúnjẹ ni. Mayo ìbá rí ẹ̀jẹ̀ nìkan níbẹ̀. Àwọn aláàlàyé rí ẹ̀kọ́. Ayàwòrán rí i pé ojú orí tí a gé náà kò gbọdọ̀ fi ìrora hàn, ó sì yà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀wọ́ Basohli ti fọ́nká báyìí. Ewé kan wà ní New York, òmíràn ní Washington, àwọn yòókù ní ìlú mìíràn, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè gbé e lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ṣe é fún. Abẹ́ gíláàsì ni a ń fi wọ́n sí, nínú ìmọ́lẹ̀ tí a dín kù kí ọ̀dà má baà ṣá. Ìyẹ́ kòkòrò kò rí ẹni yí i sí oòrùn mọ́. Ẹsẹ̀ Sanskrit tí olùsìn ń wí kí ó tó wo òrìṣà náà ṣì wà ní ẹ̀yìn ewé, ó kọjú sí ògiri.